Ẹyin mẹ́rìnlá, ọmọ márùn-ún: kí ló ṣe mẹ́sàn-án yòókù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Adìyẹ ìbílẹ̀ mẹ́fà àti àkùkọ kan ni mo ń sìn ní ẹ̀yìnkùlé mi ní Ìsẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣa ẹyin wọn jọ sínú abọ́ kan ní kíṣìnì, mo sì ń fi omi fọ àwọn tó bá dọ̀tí. Nígbà tí àgbébọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í sàba nínú oṣù kẹta, mo to mọ́kànlá sí i lábẹ́. Adìyẹ mìíràn tún wọlé yé mẹ́ta kún un láàárín ọ̀sẹ̀ kan kí n tó lé e, ó wá di mẹ́rìnlá. Márùn-ún péré ló pa. Mo fọ́ ìyókù wò: mẹ́rin mọ́ bí ẹyin tuntun, méjì ti bàjẹ́ tó ń rùn, mẹ́ta ní ọmọ tí ìyẹ́ ti bò tó kú sínú. Méjì nínú márùn-ún tó pa tún kú kí wọ́n tó lo ọ̀sẹ̀ kan. Ṣé àkùkọ mi ni kò dáa ni, àbí kí n kúkú ra inkubétọ̀, ẹ̀rọ tó ń sàba dípò adìyẹ?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ fọ́ àwọn ẹyin náà wò kí ẹ tó dà wọ́n nù. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn wà.

Ẹ má pa àkùkọ yín. Akọ kan láàárín adìyẹ mẹ́fà kò níṣẹ́ tó pọ̀ jù. Akọ ìbílẹ̀ tó bá lera lè gun mẹ́wàá kó sì kárí. Púpọ̀ nínú ohun tó ba ẹyin yín jẹ́ ti ṣẹlẹ̀ ní kíṣìnì, kí àgbébọ̀ náà tó jókòó lé wọn rárá. Ìyókù ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó ń sàba.

Ẹ jẹ́ ká mú mẹ́ta tí ìyẹ́ ti bò ṣáájú, nítorí àwọn ló rọrùn jù láti mọ ohun tó pa wọ́n. Láti bí ọjọ́ kẹrìnlá ni ìyẹ́ ti máa ń bo ọmọ inú ẹyin. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún sí ogúnjọ́ ni pupa ẹyin tó ṣẹ́ kù máa ń wọ inú ikùn rẹ̀ lọ, tí àgógó ẹnu rẹ̀ yóò sì gún àlàfo afẹ́fẹ́ tó wà ní ìdí ẹyin níbi tó fẹ̀. Ẹ rántí ohun tí ẹ rí dáadáa: tí pupa ẹyin bá ṣì so mọ́ ikùn wọn níta, wọn kò tíì tó ọjọ́ pípa nìyẹn. Ó dá mi lójú pé àwọn mẹ́ta tí adìyẹ kejì wá yé kún un ni. Nígbà tí àwọn ti ìṣáájú pa, ìyá wọn gbọ́ igbe ọmọ, ó dìde, ó kó wọn jáde, àwọn tó kù nínú ìtẹ́ sì tutù. Àrùn kọ́ ló pa wọ́n, ọjọ́ wọn ni kò pé.

Ohun tó ń dènà èyí kò le. Ní alẹ́ tí ẹ bá to ẹyin, ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká. Nígbà tí ìyá bá dìde lọ jẹun lọ́jọ́ kejì, ẹ yọjú sí ìtẹ́. Ẹyin tí kò bá nílà, àlejò ni, ẹ mú un jáde kí ẹ dín in jẹ. Èyí tó tún dáa jù ni pé kí ẹ gbé àgbébọ̀ tó ń sàba lọ síbi tí àwọn yòókù kò lè dé.

Mẹ́rin tó mọ́ ló máa ń tan èèyàn jẹ, torí wọ́n jọ ẹyin tí akọ kò kàn rárá. Ẹ lè dán akọ yín wò lónìí. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ dín ẹyin tuntun méjì tàbí mẹ́ta, ẹ rọra fọ́ wọn sínú àwo pẹrẹsẹ. Lójú pupa ẹyin ni àmì funfun kékeré kan wà. Tí ó bá kàn ṣù ṣókí, tí etí rẹ̀ rí wúruwùru, akọ kò kan ẹyin yẹn. Tí ó bá rí roboto bí òrùka, tí àárín rẹ̀ dá yàtọ̀ sí etí rẹ̀, ó ti gbà. Bí ẹ bá rí òrùka náà nínú méjì lára mẹ́ta, ọ̀rọ̀ akọ ti parí.

Ohun tó sábà máa ń pa irú mẹ́rin yẹn ni ooru ìpamọ́. Ọmọ inú ẹyin kì í dúró de ìgbà tí adìyẹ bá sàba kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà. Tí ooru bá ti kọjá nǹkan bí 21°C, ó ti ń lọ díẹ̀díẹ̀. Kíṣìnì nínú oṣù kẹta ń kọjá 30°C lọ́sàn-án, ó tún ń tutù díẹ̀ lóru. Ọmọ náà á rìn díẹ̀, á dúró, á tún rìn, títí agbára rẹ̀ yóò fi tán kí ẹ̀jẹ̀ kankan tó hàn. Ẹyin tí a fi pamọ́ báyìí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á ṣì mọ́, á ṣì dùn-ún dín, ṣùgbọ́n kò ní pa mọ́.

Nítorí náà, ẹyin tí ẹ fẹ́ fi pa ọmọ kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ márùn-ún lọ ní ìpamọ́ lákòókò ooru. Ní ìgbà òjò tàbí ọyẹ́, ẹ lè jẹ́ kó tó ọjọ́ méje. Kò yẹ kí èyí ṣòro fún yín. Bí mẹ́rin nínú mẹ́fà bá ń yé lọ́wọ́, ẹ óò máa rí ẹyin méjì tàbí mẹ́ta lójúmọ́, kí ọjọ́ márùn-ún tó pé ẹ ti ní mọ́kànlá tàbí méjìlá. Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ ọjọ́ sí wọn lára. Èyí tó bá ti dàgbà ju iye yẹn lọ, ẹ jẹ ẹ́ tàbí kí ẹ tà á.

Ibi tí ẹ óò tọ́jú rẹ̀ sí: ẹ wá ìkòkò amọ̀ tí kò ṣẹ́, ẹ gbé e ka orí yanrìn tútù nínú agbada tàbí ọpọ́n, níbi tí oòrùn kò dé, tó jìnnà sí ààrò. Ẹ máa bu omi sí yanrìn náà láràárọ̀. Ẹ to ẹyin sínú ìkòkò lórí èérún igi gbígbẹ, ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ nísàlẹ̀, ìdí tó fẹ̀ lókè, kí àlàfo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ má baà yẹ̀ kúrò nípò. Ẹ má gbé e sínú fíríìjì. Òtútù ibẹ̀ ti pọ̀ jù fún ọmọ tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ lè bi mí pé tí ẹ bá ń kó gbogbo ẹyin kúrò, kí ni adìyẹ yóò rí sàba lé? Ẹ fi ẹyin ẹ̀tàn sílẹ̀ fún un: òkúta roboto funfun mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tàbí ẹyin tí a fi igi gbẹ́. Kò ní mọ ìyàtọ̀. Lórí ìwọ̀nyí ni yóò ti kọ́kọ́ jókòó, ẹ̀yin á sì ti ní ẹyin gidi ní ìpamọ́.

Méjì tó rùn wá láti inú omi tí ẹ fi ń fọ̀ wọ́n. Ojú èèpo ẹyin kún fún ihò wẹ́wẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí ojú wa kò rí. Nígbà tí adìyẹ bá yé e, oje tín-ín-rín kan máa ń gbẹ mọ́ èèpo náà tó ń dí ihò wọ̀nyí. Omi ń fọ oje yìí kúrò. Tí omi náà bá wá tutù ju ẹyin lọ, ohun inú ẹyin á súnkì, á sì fa ìdọ̀tí ara èèpo wọlé. Lábẹ́ adìyẹ tó gbóná, ìdọ̀tí yẹn á máa pọ̀ sí i títí ẹyin yóò fi di òbu, kódà ó lè bẹ́ kó sì ta sára àwọn tó kù. Ẹyin tó bá ní ìdọ̀tí díẹ̀, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Èyí tí ìgbẹ́ bò, ẹ má tò ó rárá. Ẹ tún máa pààrọ̀ koríko ìtẹ́ tí wọ́n ń yé sí kó tó di ẹlẹ́gbin.

Méjì tó kú lẹ́yìn pípa lè jẹ́ ọmọ òbu yìí kan náà. Tí ikùn wọn bá wú, tí ìdodo wọn kò pa dé, tó dúdú tàbí tó ń rin, kòkòrò inú ẹyin ẹlẹ́gbin ló bá wọn jáde. Kò sí oògùn tó dáa fún un. Ẹyin mímọ́ àti ìtẹ́ mímọ́ ni ìwòsàn rẹ̀. Tí ikùn wọn kò bá wú, ẹ yẹ abọ́ omi wò. Ọmọ ọjọ́ méjì lè rì sínú omi tí kò ju ìka méjì lọ, tí kò bá sì rì, ó lè tutù pa. Ẹ lo ọmọrí ike, kí ẹ to òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀ tó fi jẹ́ pé àgógó ẹnu nìkan ni yóò ráàyè láàárín wọn.

Ó ku bí ẹ óò ṣe tò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má fi ẹyin sábẹ́ àgbébọ̀ lọ́jọ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó. Ẹ dúró kó sùn lórí ẹyin ẹ̀tàn yẹn fún òru méjì. Èyí tó bá sàba lóòótọ́ kì í dìde tí ẹ bá sún mọ́ ọn. Á wú ìyẹ́ rẹ̀ sókè, á kùn, á sọ ọwọ́ yín, tí ẹ bá sì tọ́wọ́ sí i lábẹ́ ikùn, ẹ óò bá ara ìhòòhò tó gbóná níbi tó ti tu ìyẹ́ rẹ̀ kúrò. Alẹ́ ni kí ẹ gbé e lọ sí ìtẹ́ tuntun, kí ẹ sì to gbogbo ẹyin lẹ́ẹ̀kan náà. Mẹ́wàá sí méjìlá tó fún adìyẹ ìbílẹ̀. Tí ẹ bá rí ẹyin tó yọ jáde lábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ nígbà tó bá jókòó dáadáa, ẹ yọ ọ̀kan tàbí méjì, torí ó ń yí wọn kiri, èyí tó wà níta lónìí yóò wà láàárín lọ́la, òtútù á sì kárí gbogbo wọn.

Apẹ̀rẹ̀ tàbí páálí tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí 35 sẹ̀ǹtímítà dáa fún ìtẹ́. Ẹ da erùpẹ̀ tútù díẹ̀ sísàlẹ̀, ẹ fi ọwọ́ tẹ àárín rẹ̀ jìn díẹ̀ bí àwo, kí ẹ wá tẹ́ koríko gbígbẹ lé e. Erùpẹ̀ náà ń jẹ́ kí ọ̀rinrin wà lábẹ́ ẹyin, jíjìn yẹn sì ń kó ẹyin jọ sójú kan. Lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ ni ìyá máa ń dìde, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọgbọ̀n, láti jẹun, mumi, yàgbẹ́ ńlá kan, kó sì wẹ̀ nínú erùpẹ̀. Ẹ gbé àgbàdo àti omi sítòsí, má gbé e sẹ́nu ìtẹ́. Ẹ da eérú mọ́ yanrìn síbi tí yóò ti máa wẹ̀, nítorí iná ara adìyẹ ló ń lé ọ̀pọ̀ ìyá kúrò lórí ẹyin lọ́sẹ̀ kejì. Kí ẹ tó gbé e jókòó rárá, ẹ ṣí abẹ́ apá rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ wò. Tí ẹ bá rí kòkòrò tó ń rìn, ẹ gba oògùn oníyẹ̀fun lọ́wọ́ dókítà ẹran kí ẹ fi pa á lára.

Ọ̀rọ̀ kíka ọjọ́ náà ń fa wàhálà, nítorí bí àwa Yorùbá ṣe máa ń ka ọjọ́. Àwa máa ń ka ọjọ́ tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ti ẹyin kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlélógún gbáko ni, láìka ọjọ́ tí ẹ tò ó. Ẹyin tí ẹ bá tò ní alẹ́ Mọ́ńdè, Mọ́ńdè kẹta lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ máa retí ọmọ. Ẹni tó bá ka ọjọ́ kìíní mọ́ ọn á máa fọ́ ẹyin wò ní Sọ́ńdè, á sì pa ọmọ tó kù díẹ̀ kó jáde.

Ní alẹ́ ọjọ́ keje, ẹ yẹ ẹyin wò. Ẹ dá ihò kan tó kéré ju ẹyin lọ sára páálí, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sínú rẹ̀, ẹ gbé ìdí ẹyin tó fẹ̀ lé ihò náà nínú òkùnkùn. Èyí tó yè yóò ní ojú dúdú kan, òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín yóò sì nà láti ara rẹ̀ káàkiri bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Tí ẹ bá mú ọwọ́ dúró, ẹ óò rí i tí ojú dúdú yẹn ń mì. Èyí tó mọ́ gaara, ẹ yọ ọ́. Èyí tí òrùka ẹ̀jẹ̀ kan yí ká, tí kò ní òpó kankan, ó ti kú, ẹ yọ òun náà. Ẹ tún un ṣe ní ọjọ́ kẹrìnlá: ẹyin tó yè á ti dúdú ju ìdajì lọ, àlàfo ìdí rẹ̀ nìkan ni yóò mọ́. Ká ní ẹ yẹ ti ìṣáájú wò ní, mẹ́rin yẹn ì bá ti jáde lọ́jọ́ keje, òbu méjì ì bá má sì pẹ́ níbẹ̀ títí ó fi rùn. Lẹ́yìn ọjọ́ kejìdínlógún, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́.

Tí ọmọ bá ti dá ihò sí èèpo, ó lè tó wákàtí mẹ́rìnlélógún kó tó jáde. Ó máa ń sinmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a bó o. Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń lọ nínú awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lábẹ́ èèpo ní àkókò yẹn, ó sì gbọ́dọ̀ fà á wọ inú ara rẹ̀ tán. Ẹni tó bá ya awọ náà ṣáájú yóò rí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ náà á sì kú. Àwọn tó kọ́kọ́ jáde kò ní kú sí ebi, torí pupa ẹyin tó wọ ikùn wọn ń bọ́ wọn fún ọjọ́ méjì.

Ẹ há ìyá àti ọmọ mọ́ abẹ́ àgò tàbí inú yàrá kékeré fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Àṣá wà, ìrì òwúrọ̀ sì wà tí ń mú ìyẹ́ wẹ́wẹ́ wọn tutù. Oúnjẹ wọn ni chick mash, oúnjẹ lílọ̀ tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ adìyẹ, kì í ṣe àgbàdo lílọ̀ nìkan. Ikán dáa gan-an tí ẹ bá rí i. Tí ẹ bá rí ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ kẹta, kòkòrò tó ń gbilẹ̀ nílẹ̀ tó rin ló fà á. Ẹ kó ohun tí ẹ tẹ́ sílẹ̀ jáde, ẹ tẹ́ gbígbẹ, kí ẹ sì béèrè oògùn amprolium lọ́wọ́ dókítà ẹran kíákíá.

Ní ti inkubétọ̀, fún adìyẹ mẹ́fà, mi ò ní gbà yín níyànjú. Ohun tí ẹyin ti pàdánù ní kíṣìnì, ẹ̀rọ kò lè dá a padà. Èyí tó ní fáànù gbọ́dọ̀ dúró sórí 37.5°C, èyí tí kò ní, nǹkan bí 38.5°C lókè ẹyin. Ẹ óò máa yí ẹyin lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí márùn-ún lóòjọ́ títí di ọjọ́ kejìdínlógún, ẹ óò máa ṣọ́ omi inú rẹ̀. Tí iná bá lọ fún wákàtí kan tàbí méjì, kì í sábà pa ọmọ. Ooru àpọ̀jù ló ń yára pa á, bóyá nítorí pé ohun tó ń ka ooru inú ẹ̀rọ ń parọ́, nítorí náà ẹni tó bá ti rà á gbọ́dọ̀ fi tẹmómítà tí a fi ń wo ibà wò ó bóyá òótọ́ ló ń sọ. Ẹ̀rọ wúlò fún ẹni tó ń sin irú adìyẹ tí kì í sàba. Àwọn adìyẹ ẹléyin pupa ti oko ńlá, wọ́n ti yọ ìwà sísàba kúrò lára wọn nípa yíyan irú. Ẹyin inú kéréètì tí ẹ ń rà lọ́jà kò sì lè pa níbikíbi, torí kò sí akọ láàárín wọn. Àgbébọ̀ ìbílẹ̀ yín ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí láìgba iná, ó sì tún ń tọ́ ọmọ.

Ohun tó yẹ kí ẹ náwó lé ni oúnjẹ àwọn ìyá àti abẹ́rẹ́ àjẹsára. Adìyẹ tó ń jẹ èérí àti àgbàdo nìkan ń yé ẹyin tí ọmọ rẹ̀ kò lágbára. Ẹ fi ìkarahun ìgbín tí a gún kún un, ewé tẹ̀tẹ̀ tàbí ti ìbẹ́pẹ lójoojúmọ́, àti ẹja gbígbẹ lílọ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, ẹ bá aládùúgbò pààrọ̀ akọ, kó má baà di pé àkùkọ ń gun àwọn ọmọ rẹ̀. Irú gígùn bẹ́ẹ̀ náà ń dín ẹyin tó ń pa kù.

Àrùn lúkúlúkú ló ń gbá ilé adìyẹ mọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, àgàgà nígbà ọyẹ́, kò sì ní oògùn. Ilé iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba ní Vom, nítòsí Jọ́ọ̀s, ń ṣe àjẹsára rẹ̀. Ti ojú ni wọ́n ń kán sí ọmọ tuntun, oríṣi tí wọ́n ń pè ní Lasota ń tẹ̀lé e ní bí ọ̀sẹ̀ kẹta sí kẹrin, Komarov tí wọ́n ń gún sára wá ń tẹ̀lé e láti ọ̀sẹ̀ kẹfà sí kẹjọ. Dókítà ẹran ìjọba ìbílẹ̀ yín yóò sọ ọjọ́ tó bá àdúgbò yín mu. Inú yìnyín ni kí àjẹsára náà ti máa bọ̀ láti ibi tí ẹ ti rà á. Tí ẹ bá ti pò ó, ẹ lò ó tán kí wákàtí méjì tó pé, ẹ má sì fi omi ẹ̀rọ tó ní kẹ́míkà pò ó. Ìgò kan ń tó adìyẹ púpọ̀ ju tiyín lọ, nítorí náà ẹ pe àwọn aládùúgbò tó ń sin adìyẹ kí ẹ jọ dá owó rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Àǹfààní tiyín ni pẹ̀lú, torí adìyẹ wọn ló ń kó àrùn náà wọ ẹ̀yìnkùlé yín.

Mẹ́ta tó ṣẹ́ kù fún yín yìí, tí ara wọn bá le, ẹ lè gbà wọ́n lọ́wọ́ ìyá wọn ní ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkarùn-ún kí ẹ há wọn sọ́tọ̀ níbi tó móoru. Ìyá wọn á tètè padà sídìí ẹyin yíyé, ẹ sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọjọ́ sára ẹyin tuntun.